Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ Atukọ̀ Kayak Wa: Lórí Àbá Òfin Ohun Èlò

Ẹ̀yin Alága wa, ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀, àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ lọ́kùnrin lóbìnrin,

Mo kí yín kú iṣẹ́ takuntakun. Láti ìgbà tí àwa ọmọ Yorùbá mélòó kan tí iṣẹ́ òòjọ́ kó wá sí gúúsù ilẹ̀ England ti ń pàdé ní etíkun Dorset ní òwúrọ̀ Sátidé láti wa kayak, ọkọ̀ tóóró tí a ń fi àjẹ̀ wà, ẹ̀yin ni ẹ ń sanwó ibi tí a ń kó ọkọ̀ sí, ẹ̀yin ni ẹ ń kọ́ àwọn tuntun, ẹ̀yin náà ni ẹ sì ń gbọ́ ẹjọ́ gbogbo wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ka lẹ́tà yìí sí àfojúdi. Mo kọ ọ́ ní gbangba nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan gbogbo ẹni tó bá ń bá wa wọ òkun, títí kan àwọn òbí tó ń gbé ọmọ wọn lé wa lọ́wọ́, tí wọn kì í sì í wá sí ìpàdé.

Àbá òfin tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa kà báyìí: ẹnikẹ́ni tó bá ní aṣọ tí omi kì í wọ̀, láífù jákẹ́ẹ̀tì, rédíò VHF tí a fi ń bá àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń ké sí sátẹ́láìtì nígbà ewu, àti okùn tí a fi ń fa ọkọ̀ ẹlòmíràn, lẹ́tọ̀ọ́ láti bá ẹgbẹ́ jáde ní ọjọ́ kọ́jọ́. Iṣẹ́ aṣáájú ọjọ́ náà ni kí ó wo ohun èlò márààrún, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé. Gbólóhùn àtijọ́ tó fún aṣáájú lágbára láti fagi lé ìrìn láì ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni ni ẹ yọ kúrò, nítorí pé ó ti dá ìjà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ ìjà méjèèjì, mo sì wà nínú ọ̀kan.

Lódì kejì, àwọn àgbà kan láàárín wa ti dáhùn pé gbogbo ohun èlò wọ̀nyí, ẹrù ojo ni, pé ẹni tó bá mọ omi kò nílò kí ó di ara rẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sínú òṣùpá. Wọ́n ní ojú àti òye ló ń gba ènìyàn là lójú omi. Èmi kò lè bá ìhà kankan lọ nínú méjèèjì, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ ní kíkún.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbà wa, nítorí pé inú irú èrò wọn ni wọ́n bí mi sí. Ìlàjẹ ni mí. Ayétòrò, ní etíkun Oǹdó, ni bàbá mi àgbà ti ń pẹja, ní ilẹ̀ tí òkun ti jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ báyìí. N kò rí láífù jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn wọn rí. Ohun tí mo máa ń rí ni pé wọ́n á dúró sí etí omi kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n á wo ojú ọ̀run, wọ́n á wo àwọ̀ omi, wọ́n á tẹ́tí sí bí ìgbì ṣe ń fọ́ lórí iyanrìn tó wà níwájú, nígbà mìíràn wọ́n á sì ká àwọ̀n wọn sí èjìká padà wálé láì sọ nǹkan kan. Ẹnì kankan kì í béèrè ìdí lọ́wọ́ wọn. Ní ojú ọmọdé, mo gbà pé òye yẹn ni oògùn tó ń dáàbò bò wọ́n. Àwọn àgbà wa sì máa ń sọ pé ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé wá sí ilẹ̀ yìí.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé omi kan ṣoṣo ló kọ́ ojú bàbá mi àgbà. Omi Ayétòrò lọ́wọ́ọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Bí ènìyàn bá ṣubú sínú rẹ̀, yóò tutọ́ omi iyọ̀ jáde, yóò di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, yóò sì gùn ún padà, àwọn ará tókù á sì fi í ṣe ẹ̀rín títí alẹ́. Òkun tó yí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ká kò rí bẹ́ẹ̀. RNLI, ẹgbẹ́ agbẹ̀mílà ojú omi tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1824, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn atukọ̀ rẹ̀ jẹ́ olùyọ̀ǹda ara ẹni, máa ń kìlọ̀ pé omi tí ìwọ̀n ooru rẹ̀ bá ti kéré sí 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius lè pa ènìyàn lára gidigidi, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n òkun yìí, bí a bá pín in dọ́gba káàkiri ọdún, kò ju nǹkan bí 12 lọ. Ìgbà tí òkun tutù jù lọ kì í sì í ṣe oṣù Kejìlá tí gbogbo ènìyàn ń gbọ̀n. Oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ni, nígbà tí oòrùn ti ń rẹ́rìn-ín lórí ilẹ̀, tí òdòdó ti ń yọ, tí ara gbogbo wa sì ti ń yán láti jáde. Òye bàbá mi àgbà kò ní àlèébù kankan. Ó kàn jẹ́ pé òtútù kò sí nínú rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó lè kọ́ wọn ní ohun tí òkun wọn kò ní.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí òtútù náà ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ibẹ̀ ni àwáwí àwọn àgbà wa ti já. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gordon Giesbrecht ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ẹni tó ti wọ omi yìnyín fúnra rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà nítorí ìmọ̀, ló gbé òǹkà kan jáde tó rọrùn láti rántí: 1, 10, 1. Ìṣẹ́jú 1 àkọ́kọ́ ni ti mímí. Bí omi tútù bá ti kan awọ ara, ènìyàn á mí kanlẹ̀ láì fẹ́, á sì máa mí gúlegúle láì lè dá a dúró. Bí orí rẹ̀ bá wà lábẹ́ omi nígbà mímí àkọ́kọ́ yẹn, omi ló máa fà sínú. Ìṣẹ́jú 10 tó tẹ̀ lé e ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fi ṣì lè ṣe nǹkan tó nítumọ̀, kí ìka tó le bí igi. Lẹ́yìn náà ni nǹkan bí wákàtí 1 wà kí òtútù tó gba iyè lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wákàtí ìkẹyìn yẹn ló ń pani, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kì í dé ibẹ̀. Inú ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń lọ.

Nísinsìnyí, ẹ bi ara yín léèrè ibi tí òye wà nínú ìṣẹ́jú yẹn. Òye wà nínú orí, orí gan-an sì ni omi tútù kọ́kọ́ ń lé onílé kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó ti wa kayak fún ogún ọdún àti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lánàá, bákan náà ni wọ́n ṣe ń mí gúlegúle. Láífù jákẹ́ẹ̀tì tó wà lára ni yóò gbé imú sókè nígbà tí olówó rẹ̀ kò lè pàṣẹ fún apá ara rẹ̀. Àwọn baba wa kò ṣàṣìṣe nígbà tí wọ́n sọ pé òmùwẹ̀ ní í bódò lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ kì í jìnnà sí etí omi.

Mo ń sọ láífù jákẹ́ẹ̀tì nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é, ṣùgbọ́n ó yẹ kí àbá òfin yín mọ ìyàtọ̀. Èyí tí àwa awakayak ń wọ̀, ìwọ̀n agbára ìléfòó rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ newton 50 (newton ni a fi ń wọn agbára). Ó ń ran ẹni tó ṣì ní làákàyè lọ́wọ́ láti léfòó, ó sì fi apá sílẹ̀ kí a lè tukọ̀. Kò ní yí ẹni tó ti dákú padà kí ojú rẹ̀ kọ sókè. Oríṣi newton 150 tí àwọn tó ń gun ọkọ̀ ńlá ń wọ̀ ni wọ́n ṣe fún ìyẹn. Ẹni tó bá ka àbá òfin yín yóò rò pé òun ti ra ààbò tó pé, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀.

Mo ti bá àwọn àgbà wí tó. Ó kan ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ó sì kan èmi náà, nítorí pé èmi ni aṣáájú ní ọjọ́ tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀.

Ní oṣù Kẹrin ọdún tó kọjá, àwa méje lọ sí Studland. Ẹ mọ etíkun yẹn: ìlà-oòrùn ló kọjú sí. Afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn ní ọjọ́ náà, ìwọ̀n 4 lórí òṣùwọ̀n Beaufort tí a fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́, wọ́n sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé yóò di 5 kí ọ̀sán tó pọ́n. Nítorí pé ilẹ̀ àti igi wà lẹ́yìn wa tí wọ́n ń gba afẹ́fẹ́ sára, omi etí iyanrìn parọ́rọ́ bí omi inú abọ́. Àwa méjèèje ló gbé ohun èlò pípé wá, a tilẹ̀ ya fọ́tò pẹ̀lú wọn. Bí àbá òfin yín bá ti wà nílẹ̀ nígbà náà, máàkì ọgọ́rùn-ún la ò bá gbà. A gbéra lọ sí Old Harry, àwọn òkúta funfun ńláńlá tó dá dúró sínú omi ní orí ilẹ̀ Handfast Point, pé kí a lọ wò wọ́n kí a sì padà wá jẹun.

Ohun tí afẹ́fẹ́ tó ń ti ilẹ̀ fẹ́ sí òkun máa ń ṣe ni pé ó ń tan ẹni tó dúró sí etíkun jẹ. Bí o bá ṣe ń jìnnà sí ilẹ̀ ni ààbò ilẹ̀ ń tán, tí ìgbì sì ń ga, síbẹ̀ lílọ rọrùn, nítorí pé afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn rẹ. Ìgbà tí o bá yíjú padà ni wàá tó mọ iye owó tí o jẹ. Nígbà tí a dé orí ilẹ̀ náà, omi tó ń ṣàn yí i ká ti ń yára, ó sì ń pàdé afẹ́fẹ́ náà, débi pé ìgbì ń dìde dúró láì ní ìlù kankan tí ènìyàn lè jó sí. Ọ̀kan nínú wa dojú dé. A gbé e padà sínú kayak rẹ̀ bí a ti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò tí a fi ń ṣe èyí ni afẹ́fẹ́ ń gbé wa lọ sí ọ̀nà erékùṣù Isle of Wight, tí ilẹ̀ Studland sì ń kéré sí i.

Mo nawọ́ sí rédíò mi. Kò sí níbẹ̀. Ó wà nínú ihò ẹ̀yìn kayak, lábẹ́ ìdérí rọ́bà, pẹ̀lú mọ́ín-mọ́ín àti fúláàsì tíì mi. Kò sí ọ̀nà tí ènìyàn tó jókòó sínú kayak fi lè dé ibẹ̀ lórí omi tó ń ru. Rédíò ẹnì kejì wà láyà rẹ̀, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ ti kú. Ẹni kẹta ní ẹ̀rọ sátẹ́láìtì, tí kò tíì yọ kúrò nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á fún un. Ohun tó mú wa padà ni pé a pinnu láti sún mọ́ ẹsẹ̀ òkè funfun náà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́, kí a má ṣe gba àárín omi padà. Ó gbà wá ju wákàtí kan lọ láti rin ọ̀nà tí a ti fi bí ìdajì wákàtí lọ, a sì fi okùn fa ẹni tó dojú dé ní ìdajì ọ̀nà. Okùn yẹn nìkan ló ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ rà á.

Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí a ti gúnlẹ̀. Ẹni tó kéré jù nínú wa, ọmọ yunifásítì kan tí kò tíì bá wa jáde ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ, sọ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé láti ibi tí a gbé mọ́tò sí lókè ni òun ti rí ìfófòó funfun tó ń fọ́ lójú òkun lọ́nà jíjìn. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, “Ẹ ti ń gbé kayak yín sómi, Mà. Mo rò pé ẹ ti rí i.”

N kò tíì rí i. Ohun èlò mi ni mò ń wò.

Nínú ìwé òfin yín, ẹ̀ṣẹ̀ wa ní ọjọ́ náà kò ní ju rédíò méjì àti ẹ̀rọ kan tí kò ṣeé lò lọ. Ìyẹn tọ́, ó sì ní ìtìjú tirẹ̀. Síbẹ̀, ká ní rédíò méjèèje ló ń ṣiṣẹ́, a ṣì máa wà níbi tí kò yẹ kí a wà, a ó kàn ní ohun tí a ó fi sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun lórí Channel 16, ìkànnì rédíò fún ìpè ewu, pé a wà níbẹ̀. Àti pé rédíò àmúlọ́wọ́ lọ́wọ́ ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi kì í ríran jìnnà: bí òkè bá wà láàárín ìwọ àti ẹni tí o ń pè, ó lè má gbọ́ ọ rárá. Ọkọ̀ agbẹ̀mílà náà kì í fò wá ní ìṣẹ́jú 1.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo ń sọ àsọdùn, kí ó rántí Lyme Bay, tí kò jìnnà sí wa ní etíkun kan náà yìí. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1993, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ láti ilé ẹ̀kọ́ kan ní Plymouth, pẹ̀lú olùkọ́ wọn àti àwọn olùkọ́ni kayak méjì, gbéra ní Lyme Regis láti lọ sí Charmouth, ìrìn kúkúrú tí a lè fojú rí òpin rẹ̀. Olùkọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dojú dé léraléra láìpẹ́ tí wọ́n kúrò nílẹ̀. Olùkọ́ni kan dúró tì í, èkejì kó àwọn ọmọ jọ, afẹ́fẹ́ tó ń ti ilẹ̀ wá sì pín àwọn méjèèjì níyà, ó ń gbé àwọn ọmọ lọ sínú òkun. Kayak wọn kún fún omi, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì bọ́ sínú òkun oṣù Kẹta. Wọn kò ní iná tí wọn lè yìn sókè kí ẹnikẹ́ni rí wọn. Ọ̀pọ̀ wákàtí kọjá lórí àkókò tó yẹ kí wọ́n ti dé kí wọ́n tó pe àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun. Mẹ́rin nínú àwọn ọmọ náà kú.

Láífù jákẹ́ẹ̀tì wà lára àwọn ọmọ yẹn. Bí a bá ń ka ohun èlò nìkan, a ó sọ pé iná àfipè àti rédíò ni kò sí, pé bí wọ́n bá ti wà, gbogbo rẹ̀ ì bá yàtọ̀. Ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, èmi náà gbà pé ó yẹ kí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ohun tí ilé ẹjọ́ gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn olùkọ́ni méjèèjì kò ní ìrírí tó tó láti kó ọmọdé wọ òkun, afẹ́fẹ́ ń ti ilẹ̀ fẹ́, omi sì tutù, síbẹ̀ kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ ní etíkun pé ó tì. Àní ní ọdún tó ṣáájú, àwọn òṣìṣẹ́ méjì tó fi ibùdó tó kó àwọn ọmọ náà wọ òkun sílẹ̀ ti kọ lẹ́tà sí olórí ilé-iṣẹ́ tó ni ibùdó náà, wọ́n kìlọ̀ fún un pé ètò ààbò rẹ̀ lè gba ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ. Ìkìlọ̀ wà nínú ìwé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1994, ilé ẹjọ́ Winchester dá ilé-iṣẹ́ náà lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ ìpànìyàn, ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ ní ilẹ̀ England, wọ́n sì sọ olórí rẹ̀ sẹ́wọ̀n. Ní ọdún 1995, ilé aṣòfin gbé òfin jáde tó mú kí àwọn ibùdó tó ń gbowó láti kó ọmọdé lọ ṣe irú eré báyìí máa gba ìwé àṣẹ. Mo bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí àwọn aṣòfin yẹn ṣe. Wọn kò kọ orúkọ ohun èlò márùn-ún kí wọ́n sì lọ sílé. Wọ́n ní kí àwọn ayẹ̀wò wá wo bí ibùdó ṣe ń ṣètò, ta ni ó ń darí, àti bí ẹni náà ṣe mọ iṣẹ́ tó.

Ohun mìíràn wà tí n kò lè fi pamọ́. Láti ìgbà tí mo ti ra ẹ̀rọ sátẹ́láìtì tèmi, mo ti jáde ní ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán tí mi ò bá ti jókòó sílé tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó tì mí. Nǹkan kékeré aláwọ̀ òfeefèé yẹn ló ń sọ fún mi láyà pé bí ó bá burú, àwọn kan ń bọ̀. Onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ọmọ Amẹ́ríkà kan, Sam Peltzman, kọ ọ́ ní ọdún 1975 pé ohun èlò ààbò tí òfin fi sínú mọ́tò ń mú kí awakọ̀ sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí di òní ni àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń bá a jiyàn lórí bí ó ṣe pọ̀ tó. Èmi kò nílò kí n dá sí iyàn wọn, nítorí pé mo ti rí i lára ara mi. Láti oṣù Kẹrin yẹn ni mo ti ń bi ara mi léèrè ní etíkun, kí n tó gbé ẹsẹ̀ kan sínú kayak: ká ní mo gbàgbé ẹ̀rọ yìí sílé, ṣé n ó ṣì jáde lónìí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, mo ń padà sínú mọ́tò. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, mo ń gbé ẹ̀rọ náà dání síbẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé. Ẹ fi àwọn ohun èlò márààrún sílẹ̀ nínú òfin, ẹ tilẹ̀ fi fèrè kún un, nítorí pé kò ní bátìrì. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ara ni wọ́n gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe inú ihò ọkọ̀, pé kí ẹni tó ni wọ́n sì ti lò wọ́n nínú omi tútù níṣojú ẹlòmíràn láàárín ọdún náà. Ẹ̀rọ sátẹ́láìtì, òfin ilẹ̀ yìí ní kí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n ń wá. Nígbà tí mo béèrè kiri nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni méjì péré ló ti ṣe é. Aṣọ tí omi kì í wọ̀ sì wọ́n gan-an. Bí a bá sọ ọ́ di dandan láì ra méjì tàbí mẹ́ta tí ẹgbẹ́ yóò máa yáni, a ti lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa jáde nìyẹn, wọn yóò sì lọ máa wọ òkun láwọn nìkan.

Lẹ́yìn náà, ẹ dá gbólóhùn tí ẹ yọ padà, kí ẹ sì fẹ̀ ẹ́. Kí ó má jẹ́ aṣáájú nìkan ló lè fagi lé ìrìn. Kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó wà ní etíkun lè sọ pé òun kò lọ, kí gbogbo ẹgbẹ́ sì padà tàbí kí wọ́n yan ibi tí ó rọrùn jù, láìsí ìbéèrè àti láìsí ẹ̀fẹ̀ lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo mọ̀ pé ibi tí ìjà ti wá nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ìjà wá, orí ilẹ̀ la ó ti jà á.

Èyí tó wà lọ́kàn mi jù ni ètò ọ̀rọ̀ sísọ kí a tó gbéra. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ òfin pé a ó dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí a ka ìwọ̀n afẹ́fẹ́ àti ibi tí ó ti ń fẹ́, wákàtí tí omi yóò kún àti èyí tí yóò fà, ìwọ̀n ooru òkun, wákàtí tí ilẹ̀ yóò ṣú, àti orúkọ ẹni tó wà nílé tí yóò pe 999, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì, bí a kò bá tíì dé ní aago báyìí. Ìṣirò omi fífà kò le: ní ọ̀pọ̀ etíkun, nínú nǹkan bí wákàtí mẹ́fà tí omi fi ń fà, wákàtí kẹta àti ìkẹrin ló ń gbé nǹkan bí ìdajì gbogbo omi náà lọ, nítorí náà ìgbà tí a dé orí ilẹ̀ kan ṣe pàtàkì ju ìgbà tí a kúrò nílé lọ. Lẹ́yìn tí a bá ti kà á tán, kí ẹni tó kéré jù nínú wa kọ́kọ́ sọ ohun tó rí, kí a sì máa gòkè bọ̀ títí yóò fi kan aṣáájú. Kì í ṣe àṣà àjèjì ni mo ń mú wá. Ní ìpàdé ẹbí nílé wa, àgbà ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, nítorí pé bí ó bá ti sọ tirẹ̀ ṣáájú, ta ló tún fẹ́ ta kò ó? A ti sọ ọ̀wọ̀ yẹn nù sí etíkun, a fi “ẹ ti rí i, Mà” rọ́pò rẹ̀. Ọmọ náà bọ̀wọ̀ fún mi ní Studland, ọ̀wọ̀ yẹn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ẹni méje lọ.

Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé òye kò ṣeé wọ̀n, pé ìwé ayẹ̀wò ṣeé fi han ilé-iṣẹ́ adójútòfò, pé “a ronú sí i” kò ṣeé fi hàn wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 10 ṣeé kọ sílẹ̀, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ṣeé kọ, ohun tó sọ ṣeé kọ, ìpinnu tí a ṣe lórí rẹ̀ náà sì ṣeé kọ. Èmi ti ra ìwé kékeré kan tí omi kì í bà jẹ́ nítorí rẹ̀, ó sì ti ní ojú ewé mọ́kànlá. Ní ìgbà mẹ́ta nínú mọ́kànlá náà, a kò jáde. A jókòó sínú mọ́tò, a jẹ mọ́ín-mọ́ín, a sì ń wo òkun láti ẹ̀yìn gíláàsì.

Ní Sátidé tó ṣáájú ìpàdé, n ó wà ní adágún omi tí a ti ń kọ́ àwọn tuntun láti aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. N ó dojú dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú gbogbo ẹrù mi lára, n ó sì gbìyànjú láti tan rédíò mi lẹ́yìn tí ọwọ́ mi bá ti wà nínú omi fún ìṣẹ́jú 10. Mo ti bẹ ọmọ yunifásítì yẹn pé kí ó wá máa ka àkókò fún mi, òun náà ló sì máa pinnu ìgbà tí ó tó. Mo pe ẹ̀yin Alága, mo pe ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ kì í wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá dúró ti wa. Omi náà kò tíì gbóná o, ẹ mú aṣọ ìyípadà dání.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ọmọ Ìlàjẹ kan nínú ẹgbẹ́ yín